Ẹni Tí Ọmọ Rẹ̀ Kò Bá Lẹ́sìn

Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú Oṣù Ògún, òjò bẹ̀rẹ̀ láti ìdájí, kò dá. N'Ìbàdàn níbí, oṣù yẹn ló tutù jù nínú ọdún. Ẹni tó bá ní súwẹ́tà ló mọ ohun tó ń ṣe. Aago méje ti kọjá díẹ̀ nígbà tí mo rí àwọn ọmọ Ìyá Ìbejì, aládùúgbò wa l'Akóbọ̀, tí wọ́n ń fo ẹrẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́. Bàtà òjò wà lẹ́sẹ̀ wọn, agbòjò wà lórí wọn, eyín wọn ń lu ara wọn. Ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè ni wọ́n wọ̀, wọ́n sì ya oòrùn ńlá sí i láyà. Oòrùn náà wọ awò dúdú, ó ń rẹ́rìn-ín. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà: SUMMER.

Mo ní níbo lẹ ń lọ nínú òjò yìí? Àwọn méjèèjì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Sọ́mà ni, sà." Ẹ̀kọ́ tí à ń sanwó fún nígbà ọlidé là ń pè bẹ́ẹ̀.

Òyìnbó tó ni sọ́mà, ìgbà tí oòrùn bá ràn dáadáa ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ tiwọn. Tiwa ni ìgbà tí aṣọ kì í gbẹ lórí okùn. Àwọn baba wa tó sọ ohun kan ṣoṣo ní agboòrùn, tí wọ́n tún sọ ọ́ ní agbòjò, ó yé wọn pé ojú sánmà la fi ń mọ èyí tí à ń pè é. Àwa ò gbójú sókè mọ́. Kàlẹ́ńdà ara òpó iná là ń wò, níbi tí wọ́n lẹ pátákó sọ́mà mọ́ láti Oṣù Agẹmọ.

Ẹ tún fetí sí bí a ṣe ń pè é. A kì í sọ pé ọmọ ń lọ kàwé. Lẹ́sìn là ń sọ. Ọmọ tiyín ńkọ́, ṣé ó lẹ́sìn? Ó ti di ẹ̀sìn lóòótọ́. Ó ní wòlíì, ìyẹn ọ̀gá ilé-ìwé. Ó ní ìdámẹ́wàá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tirẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ dáadáa. Ó sì ní ọ̀run àpáàdì: Oṣù Ọ̀wẹwẹ̀, nígbà tí ilé-ìwé bá wọlé, tí ẹkún àti ìpayínkeke yóò wà fún gbogbo ọmọ tó ti gbàgbé ìsodipúpọ̀. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò bá lẹ́sìn, kèfèrí ni.

Èmi náà ti jẹ́ kèfèrí rí. Ibi ìsọmọlórúkọ kan ni wọ́n ti yí mi lọ́kàn padà. Àwọn obìnrin mẹ́rin jókòó yí ìyàwó mi ká, kálukú ń sọ ibi tí ọmọ tirẹ̀ ti ń ṣe sọ́mà. Nígbà tó kàn án, ó ní, "Wọ́n wà nílé." Gbogbo tábìlì dákẹ́. Ẹnì kan gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. Èkejì fọwọ́ kàn án léjìká, ó ní, "Ọlọ́run á ṣe é, ẹ má sọ̀rètí nù." Ẹ̀kẹta di jọ́lọ́ọ̀fù fún un sínú ọ̀rá pé kó gbé e lọ fún àwọn ọmọ. Bí a ṣe délé, ìyàwó mi ò tíì bọ́ gèlè tó fi na ọwọ́ sí mi pé kí n mú owó fọ́ọ̀mù wá.

Fọ́ọ̀mù, 3,000 náírà. Ẹ̀wù olóòrùn, 5,000. Iye ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ni mi ò níí sọ níbí, nítorí bàbá mi ṣì wà láàyè, ó sì máa ń ní kí wọ́n ka ohun tí mo bá kọ fún òun.

Ẹ̀kọ́ ọ̀hún pọ̀. Fọ́níìsì wà níbẹ̀, ìyẹn bí a ṣe ń pe ìró lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́jọ, tó ti ń ka Bíbélì geere, dé lọ́jọ́ kìíní, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe "sss, sss" ní kọ̀rọ̀ yàrá. Ìyá rẹ̀ ti gbé ìgbálẹ̀ kí n tó ṣàlàyé pé kì í ṣe ejò.

Ìlúwẹ̀ẹ́ náà wà. Abọ́ ọ̀rá ńlá kan ni wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí, wọ́n gbé e sáàárín ọgbà. Òjò ló pọn omi inú rẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé ò ná kọ́bọ̀. Àwọn ọmọ tò sórí ìlà, wọ́n káwọ́ mọ́ àyà, wọ́n ń gbọ̀n. Ẹni tó bá kàn yóò jókòó sínú omi tí kò dé ìdodo, wọn yóò ya fọ́tò rẹ̀ fún WhatsApp, yóò jáde, òmíràn yóò wọlé. Sátífíkéètì rẹ̀ wà lára ògiri pálọ̀ wa báyìí. "Level 1" ni wọ́n kọ sí i. Mo ń rò ó pé Level 2 ni wọ́n á ti jẹ́ kó dìde dúró.

Rọ́bọ́ọ̀tì ńkọ́? Páálí, kóòkì ìgò mẹ́rin àti okùn. Ohun tí àwa fi agolo sàdíìnì àti àlòkù sílípáàsì ṣe lẹ́yìnkùlé, tí a so okùn mọ́ nímú, tí a ń wọ́ kiri àdúgbò, òun náà nìyẹn. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé nígbà tiwa, ẹni tó bá ṣe é, ìyá rẹ̀ á gbá a létí pé ó tún ti lọ tú ààtàn.

Faransé ló dùn mọ́ mi jù. Ìyá mi wà ní Lọ́ńdọ̀nù láti Oṣù Èrèlé, ó lọ bá àbúrò mi obìnrin wo ọmọ tuntun. Lọ́jọ́ kan ó pè wá ní fídíò, ọmọ mi sáré dé iwájú fóònù, kò kúnlẹ̀, ó kàn pariwo pé, "Bonjour, Grandma!"

Ìyá mi ní, "Mo ti bọ́jú láti àárọ̀. Ìwọ ńkọ́?"

Ní ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù yẹn, lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀sì àti kéèkì ṣíṣe, mo rí ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n pè ní "Cultural Studies". Yorùbá ni. Owó rẹ̀ dá yàtọ̀: 4,000 náírà, n'Ìbàdàn, kí ọmọ lè mọ bí wọ́n ṣe ń kí ìyá bàbá rẹ̀. Ìrìn àjò afẹ́ náà tún wà. Àpáta Olúmọ ò jìnnà sí wa, ẹni tó bá jí lówùúrọ̀ á lọ, á bọ̀. Ilé ìtajà ńlá kan ni wọ́n kó wọn lọ, kí wọ́n lè gun àtẹ̀gùn tó ń dá rìn. Wọ́n gùn ún lọ sókè, wọ́n gùn ún wá sílẹ̀, àwọn tó ń ra tòmátì alágolo ń wò wọ́n.

Mo lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé, mo bi í pé kí ló burú nínú kí ọmọ sinmi. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Dádì, summer slide." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń dárúkọ àrùn. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló ni ọ̀rọ̀ yẹn: wọ́n ní ọmọ máa ń gbàgbé ẹ̀kọ́ bí ọlidé bá pẹ́. Ṣùgbọ́n ọlidé tiwọn a máa tó ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, nígbà míì ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tiwa ò ju bíi mẹ́fà sí méje. Àwọn onímọ̀ wọn ṣì ń jiyàn títí di òní lórí iye tí ọmọ ń gbàgbé. Àwa ti gbé oògùn mì, àwọn dókítà ṣì ń bára wọn fà á.

Èmi gbàgbé o, mi ò níí purọ́. Abúlé bàbá àgbà mi lẹ́yìn Àpòmù ni mo ti máa ń lo ọlidé, níbi tí mo ti ń jẹ àgbàdo sísun títí eyín mi á fi ro mí. Mo wọlé lọ́dún kan, tíṣà ní kí ni méje lọ́nà mẹ́jọ? Mo ní mẹ́rìnléláàádọ́ta. Pàṣán méjì ló ná mi, kò ná bàbá mi ní kọ́bọ̀. Nígbà tó fi di ọjọ́ Ẹtì, mo ti rántí gbogbo rẹ̀. Bàbá àgbà tí mo lọ gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò sì mọ̀wé rárá. Ṣùgbọ́n bó bá ti wo ọpọ́n ayò báyìí, ihò méjìlá, ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta, ó ti mọ ibi tí eré máa já sí kí n tó gbọ́wọ́ sókè. Kò gba owó ẹ̀wù lọ́wọ́ mi rí.

(Bàbá yìí kan náà ni, nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1955, tó kó ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kan pamọ́ sóko kòkó kí wọ́n má baà kọ orúkọ rẹ̀. Ó ń fi ọmọ pamọ́ fún ilé-ìwé. Èmi ọmọọmọ rẹ̀ ń sanwó kí ilé-ìwé bá mi fi ọmọ pamọ́.)

Ẹ má sì rò pé sọ́mà ti tó. Ilé-ìwé tí ọmọ ń lọ gan-an ti fún un níṣẹ́ ọlidé tirẹ̀ lọ́tọ̀, ìwé kan tó nípọn bíi búlọ́ọ̀kù. Orí fíríìjì ló wà jálẹ̀ Oṣù Ògún, a ń gbé búrẹ́dì lé e. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìwọlé, aago mẹ́sàn-án, iná ti lọ, ọmọ ti sùn. Ìyàwó mi fa ìwé náà ya sí méjì: ó mú Gẹ̀ẹ́sì, ó ju Quantitative Reasoning sí mi. Iwájú ìwé yẹn ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kí òbí má ṣe bá ọmọ ṣe é. Mo fi ọwọ́ òsì kọ ọ́ kó lè jọ ti ọmọdé.

Mo dé orí ìbéèrè kẹtàdínlógún. Òbìrìkítí mẹ́ta ni, 6 nínú ti àkọ́kọ́, 14 nínú ìkejì, àmì ìbéèrè nínú ìkẹta. Mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wò ó lọ́tùn-ún lósì. Mo gbé e lọ sórí WhatsApp àwọn bàbá, ni mo bá rí i pé gbogbo wọn wà lójúfò. Ẹ́ńjíníà kan ní 22. Akáńtáǹtì kan ní 30. Ẹnì kan tó ń kọ́ni ní ìṣirò ní yunifásítì fi ohùn ránṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó ní ó sinmi lórí ohun tí a bá pe ní òbìrìkítí. Ìjà bẹ́. Wọ́n fẹ́ yọ ẹnì kan kúrò lórí ìlà.

Ó kù díẹ̀ kó di òru ni ọmọ dìde láti lọ tọ̀. Ó yọjú wo ìwé náà, ó ní, "Dádì, àǹtí ní ká fo ìyẹn. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ ṣì ni." Ó padà lọ sùn.

Wọ́n mú èsì wá lọ́sẹ̀ kejì. 61 ni mo gbà, tíṣà sì fi bírò pupa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé mo lè ṣe dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyàwó mi gba 84. A ò tíì sọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa títí di òní.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ra ká sọ òótọ́. Èmi ń jáde lágogo méje, ìyàwó mi ń jáde lágogo méje kọjá díẹ̀. Ìyá mi wà lókè òkun. Abúlé ẹ̀yìn Àpòmù, ilé ti ń wó níbẹ̀. Àdúgbò tí ọmọ ẹlòmíràn ti ń jẹun nílé ẹlòmíràn, géètì ti dí i. Àwọn tíṣà náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ti ilé-ìwé aládàáni ni kì í rí owó oṣù tó pé gbà ní Oṣù Ògún. Owó sọ́mà yìí ni wọ́n fi ń ra gààrí. Èmi ń wá ẹni tó máa bá mi ṣọ́ ọmọ, àwọn ń wá ohun tí wọ́n máa jẹ. Òwò tó mọ́ ni. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sára òpó iná pé, "Ẹ kó wọn wá, a ó bá yín ṣọ́ wọn, a ó fún wọn ní ìrẹsì," màá san án lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ta ló máa fi ìyẹn yangàn níbi ìsọmọlórúkọ? Rọ́bọ́ọ̀tì ló kù.

Mo rò pé àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn tí sọ́mà jẹ́ tiwọn láti ọ̀run wá. Bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ọlidé wọn, oòrùn kì í sì í tètè wọ̀; ní ìparí Oṣù Agẹmọ, nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni. Ìyá mi tún pè ní fídíò. Ó kọ́kọ́ yí fóònù sí fèrèsé: oòrùn yọ yẹ̀ẹ̀, àwọn ọmọ ìta wà lórí koríko, wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù láìwẹ̀wù. Ó wá yí i sínú ilé. Àkọ́bí àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá, jókòó sídìí tábìlì, ìwé ìdánwò ga níwájú rẹ̀, aago ń ka ìṣẹ́jú. Àwọn ilé-ìwé gírámà agbègbè ibẹ̀, irú èyí tó wà ní Bexley àti Kent, Oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ìdánwò ìwọlé tí wọ́n ń pè ní 11-plus. Tíṣà lẹ́sìn ń bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Yorùbá ni, ará Ìjẹ̀bú.

Ìyá mi mi orí títí. Ó ní, "Àkànní, ẹ̀yin ní òjò, ẹ ń ṣe sọ́mà. Àwọn wọ̀nyí ní sọ́mà, wọn ò jẹ́ kí ọmọ ṣe é."

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ṣí àpò ọmọ, mo bá ìwé kan níbẹ̀. "Winter Camp", Oṣù Ọ̀pẹ, nígbà tí ọyẹ́ máa ń bẹ́ wa létè, tí oòrùn ọ̀sán á sì máa sun wá lẹ́yìn ọrùn. Wọ́n ti ya àwòrán ẹ̀wù tuntun sí i: ọkùnrin kan tí wọ́n fi yìnyín mọ, kárọ́ọ̀tì ni imú rẹ̀, ó wé súkáfù mọ́rùn. Ẹni tó bá san kí Oṣù Ọ̀wàrà tó parí, wọ́n á yọ 2,000 náírà fún un.

Mo ti san. Súkáfù ló kù tí a ò tíì rí rà.