Ìbọn nílé gbogbo èèyàn ò ní lé ajínigbé lọ

Ní ṣọ́ọ̀bù bábà kan nítòsí Ọjà Ọba l'Ákùúrẹ́, bọ̀dá kan tún gbé e jáde: "Kí ìjọba ṣáà gbà kí kálukú ra ìbọn bíi tàwọn ará Amẹ́ríkà. Ajínigbé wo ló máa yọjú?" Gbogbo wọn hó yèè. Ẹni tí wọ́n ń gẹ irun fún pàápàá ń mi orí, ó ku díẹ̀ kí abẹ gé e létí.

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Amẹ́ríkà tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀rí gan-an ló tú irọ́ náà fó.

Ìbọn tó wà lọ́wọ́ aráàlú níbẹ̀ ju iye èèyàn lọ. Ìṣirò tí Small Arms Survey, àwọn olùwádìí tó ń ṣírò ìbọn káàkiri ayé, gbé jáde ní 2018 ni pé nǹkan bí ìbọn 120 ló wà fún èèyàn 100. Bó bá jẹ́ pé ìbọn ló ń lé ọ̀daràn, ṣebí ibẹ̀ ni kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa ti ilẹ̀kùn kó tó sùn? Ní 2021 nìkan, ìbọn pa èèyàn tó lé ní 48,000. Nǹkan bí 21,000 ni ẹlòmíì yìnbọn pa. Àwọn tó lé ní 26,000, ara wọn ni wọ́n yìn ín fún. Ẹ tún un kà. Ó ju ìdajì lọ: ọkọ tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn, ọmọkùnrin tí ayé sú lóru, ìbọn sì wà nínú dúrọ́ọ̀ níbẹ̀. Kò sí ajínigbé kankan nínú ìyẹn.

Ẹ wá wo Japan, tí èrò ibẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 120. Lọ́pọ̀ ọdún, àwọn tí wọ́n yìnbọn pa níbẹ̀ kì í tó mẹ́wàá. Ẹni tó bá fẹ́ ìbọn ọdẹ á lọ sí kíláàsì, á ṣe ìdánwò, dókítà á yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò, ọlọ́pàá á wádìí rẹ̀, wọ́n á sì wá wo ibi tó fẹ́ tì í pa sí nílé. Nígbà tí ẹnìkan fẹ́ pa Shinzo Abe, olórí ìjọba wọn tẹ́lẹ̀, ní oṣù Keje 2022, ńṣe ló fi páìpù rọ ìbọn fúnra rẹ̀.

Ẹnìkan á ní Switzerland ńkọ́, níbi tí ìbọn ti pọ̀ nílé àwọn èèyàn tí ìpànìyàn ò sì pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́. Ìbọn tí ológun ń gbé relé níbẹ̀, bárékè ni púpọ̀ nínú ọta rẹ̀ ti wà láti 2007, ẹnikẹ́ni ò sì lè gbé ìbọn rìn nígboro láìgba ìwé àṣẹ tó ṣòroó rí.

Mo gbà, Jamaica ṣòfin ìbọn tó le, wọ́n tiẹ̀ dá ilé ẹjọ́ ìbọn sílẹ̀ ní 1974, síbẹ̀ ìpànìyàn pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibo ni púpọ̀ nínú ìbọn yẹn ti ń wọlé? Amẹ́ríkà kan náà, níbi tí wọ́n ti ń tà á bí ẹni ta gúgúrú.

Ilé ọdẹ ni mo ti dàgbà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ojo ni mí. Ṣakabùlà bàbá kékeré máa ń wà lára ògiri yàrá rẹ̀ n'Ídànrè. Lóru ọjọ́ kan, ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ rí ohun tó ń mì nínú oko kòkó, ó rò pé ẹtu ni, ló bá yìn ín. Ọta kan ṣì wà nínú itan bàbá kékeré; bí o bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ojú ọdẹ nìyẹn o, tòun ti iná lórí.

Èrò ọkọ̀ tó ń lọ sí Ọ̀wọ̀ wá ńkọ́? Àwọn ajínigbé kì í kí èèyàn. Wọ́n á já sí títì látinú igbó, wọ́n á ti máa da ìbọn bolẹ̀. Ìbọn ìléwọ́ tìrẹ wà nínú báàgì lábẹ́ ìjókòó. Ọlọ́pàá tó gbé AK dání pàápàá, wọ́n ń pa á, wọ́n sì ń gbé ìbọn náà lọ.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà 2022, ìbọn àti bọ́ǹbù ni àwọn apànìyàn gbé wọ ṣọ́ọ̀ṣì St. Francis l'Ọ́wọ̀, wọ́n sì pa bí ogójì èèyàn. Ohun tí Gómìnà Akérédolú ń béèrè lọ́dún yẹn ni pé kí Amọ̀tẹ́kùn ní ìbọn tó lè kojú ti àwọn ọ̀daràn: àwọn tí wọ́n kọ́ níṣẹ́, tí wọ́n ní ọ̀gá, tí a lè mú bí wọ́n bá ṣìwà hù. Ìyẹn la lè jókòó jiyàn lé lórí. Ti pé kí ìyá àgbà tó ń lọ sí Máàsì fi ìbọn sínú báàgì Bíbélì, ẹ má fi lọ̀ mí mọ́.