Okùn ọrùn kò yẹ adìyẹ

Àwọn àgbà ní ohun tó yẹ ni ló yẹ ni, okùn ọrùn kò yẹ adìyẹ. Ẹsẹ̀ la ti ń so adìyẹ, ta ni ò mọ̀? Àmọ́ ayé ti dé ibi tí wọ́n ń so ó lọ́rùn, tí wọ́n tún ń pè é ní nọ́ọ̀sì.

Àwọn tó ń gbé ẹran ọ̀sìn kiri pé ó ń fọkàn àwọn balẹ̀ ni mò ń bá wí; ọmọkùnrin kan ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Ó gbé ológbò wọ ọkọ̀ akérò ní Owódé, níbí ní Ọ̀yọ́, ó fi táwẹ́ẹ̀lì wé e mọ́ àyà. Ìyá tó jókòó tì í figbe ta: “Ẹ̀jẹ̀ Jésù!” Ọmọ náà ní kí Màmá má bínú, ẹ̀rù ọkọ̀ máa ń ba òun, ológbò yìí ló ń fọkàn òun balẹ̀, ṣebí wọ́n ń gbé irú ẹ̀ wọ bàálù l’Amẹ́ríkà. Ìyá ní, “Ọkàn tìẹ balẹ̀, tèmi ńkọ́?” Ní ti dẹ́rẹ́bà, ẹni tó máa sanwó ìjókòó ológbò ló ń wá.

Amẹ́ríkà wo? Lábẹ́ òfin tí wọ́n ṣe ní 1990 fún àwọn aláàbọ̀ ara, láti 2011, ajá tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ nìkan ni wọ́n kà sí ẹran tó ń ran aláìlera lọ́wọ́. Wọ́n kàn tún fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún ẹṣin kúkúrú, òun náà tí wọ́n bá ti kọ́ níṣẹ́ ni o. Oníṣọ́ọ̀bù lè bi olówó ajá pé iṣẹ́ wo ni wọ́n kọ́ ọ. “Ó ń fọkàn mi balẹ̀” kì í ṣe ìdáhùn. Nínú bàálù ni wọ́n ti fàyè gba ẹran ìtura, ìyẹn ẹran tí wọn ò kọ́ níṣẹ́, tó kàn ń fọkàn olówó ẹ̀ balẹ̀, àwọn èèyàn sì bà á jẹ́. Ní January 2018, obìnrin kan gbé odindi ẹyẹ ọ̀kín dé pápákọ̀ òfurufú Newark, wọ́n ní ẹyẹ ò ní wọlé. Nígbà tó fi di January 2021, òfin ò fi dandan mú ọlọ́kọ̀ òfurufú kankan mọ́ láti gbé ẹran ìtura. Ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí yìí kọ́ ni ọmọ wa gbọ́.

Ẹnìkan á ní ṣebí ẹ̀yin náà ń gbé ewúrẹ́ wọkọ̀ wá sí ọjà Akẹ̀sán. Bẹ́ẹ̀ ni. Búùtù ló ń wà, a ò sì pè é ní dókítà rí.

Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Àìsàn ọkàn wà lóòótọ́, kì í hàn lójú, n kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìdí nìyẹn gan-an tí irọ́ inú ẹ̀ fi ń bí mi. Ìlú tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ ti ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ àkànṣe, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń kọ́ aláàbọ̀ ara, nìlú wa, a sì mọ àwọn afọ́jú tó ń fi ọ̀pá funfun rìn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá rí ajá amọ̀nà gbà lọ́la, tó mú un dé gáréèjì, dẹ́rẹ́bà tí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé ológbò kiri ti dà láàmú á lé tajá tolówó ajá dànù. Ẹ̀yin lẹ kó bá a.

Ẹ ṣáà ní ẹ̀tọ́ lẹ ń jà fún. January 2019 ni wọ́n buwọ́ lu òfin àwọn aláàbọ̀ ara ní Nàìjíríà, wọ́n fún àwọn ilé ìjọba àti ti gbogboògbò ní ọdún 5 kí wọ́n fi tún ẹnu ọ̀nà wọn ṣe. Ọdún 5 ti kọjá. Àtẹ̀gùn ṣì kún iwájú ọ́fíìsì, ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ ń jókòó sísàlẹ̀, ó ń bẹ ẹni ẹlẹ́ni kó bá òun mú fọ́ọ̀mù wá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lẹ́nu bí abẹ yìí, ta ló ti gbọ́ ohùn yín níbẹ̀?