A Kì í Ṣoore Tán Ká Lóṣòó Tì í

Bí a bá ṣoore tán tí a lóṣòó tì í, àwọn àgbà ní bí ẹni tí kò ṣe é ni. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò níbẹ̀ dáadáa: lóṣòó. Ẹni tó lóṣòó kò fìdí kalẹ̀, kò sì dìde lọ. Ó ń ṣọ́ nǹkan ni. Ó ń retí kí ẹni tó gba oore ṣáà máa dúpẹ́, kó má sì ṣe ju ohun tí òun bá yọ̀ǹda lọ. Oore ti di ìdè nìyẹn.

Mo wọ yàrá kọ̀ǹpútà kan rí ní ilé ẹ̀kọ́ kan. Lára ògiri ìta, wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ta wọ́n lọ́rẹ gàdàgbà, ó tóbi ju orúkọ ilé ẹ̀kọ́ gan-an lọ. Nínú ilé, kọ̀ǹpútà tò lọ rẹrẹ, aṣọ bò wọ́n, eruku sì bo aṣọ. Olùkọ́ tó mú mi wọlé fi ìka fa ìlà sórí eruku náà. Ó ní olóore ti pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn wọ́n títí òun yóò fi padà wá ya fọ́tò. Ìgbà tó fi máa dé, púpọ̀ nínú wọn ò tàn mọ́. Wọ́n ṣáà kó àwọn ọmọ jókòó síwájú ẹ̀rọ tí kò tàn, àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n yà wọ́n, ó parí. Ohun tó dùn mí jù ni pé ẹni yẹn kì í ṣe ahun. Owó gidi ló ná.

Àwọn kan ka òwe yìí sódì, wọ́n ní ohun tó ń wí ni pé ká fún ni tán, ká kẹ̀yìn sí i. Rárá o. Ẹni tó bá fẹ́ dìde kúrò nídìí oore gbọ́dọ̀ ti mọ ohun tí yóò gbé e ró lẹ́yìn òun. Láàárín ọdún 1883 sí 1929, owó Andrew Carnegie, ọlọ́rọ̀ oníṣẹ́ irin ní Amẹ́ríkà, kọ́ ilé ìkàwé tó lé ní 2,500, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní Amẹ́ríkà. Ìlú tó bá fẹ́ ẹ ní láti pèsè ilẹ̀, kó sì ṣèlérí pé lọ́dọọdún òun yóò máa ya ìdá kan nínú mẹ́wàá owó tí wọ́n fi kọ́lé sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú. Ilé 10,000 dọ́là, 1,000 dọ́là lọ́dún: owó òṣìṣẹ́, owó ìwé, owó àtúnṣe òrùlé. Ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀? Ìbéèrè tó nira nìyẹn, Carnegie sì bi í kó tó fún wọn. Ẹni tó bá ti bi í ṣáájú kò ní í nídìí láti lóṣòó lẹ́yìn náà.

Àjèjé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ní 1912, Julius Rosenwald, oníṣòwò ọlọ́rọ̀ kan, àti Booker T. Washington, gbajúmọ̀ olùkọ́ aláwọ̀ dúdú, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Nígbà tó fi máa di 1932, ó ti bí ilé ẹ̀kọ́ tó sún mọ́ 5,000 fún àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú. Rosenwald mú apá kan wá, ìjọba mú apá kan, àwọn òbí náà dá owó, wọ́n fi ilẹ̀ sílẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ràn ètò yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀gún wà nínú rẹ̀ tí n kò lè gbójú fò. Àwọn òbí wọ̀nyẹn ti san owó orí wọn, ilé ẹ̀kọ́ àwọn aláwọ̀ funfun ni ìjọba sì ń ná èyí tó pọ̀ jù fún. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n san owó ẹ̀kọ́ kan náà. Nítorí náà, olóore tó bá ní kí tálákà mú tirẹ̀ wá, kó kọ́kọ́ wádìí ohun tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Rosenwald fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n ná owó àjọ rẹ̀ tán láàárín ọdún 25 lẹ́yìn ikú òun. Ó kú ní 1932, àjọ náà sì palẹ̀ mọ́ ní 1948. Òun ò fẹ́ lóṣòó ti oore láti inú sàréè.

Nídìí iṣẹ́ ọnà, ọ̀rọ̀ yìí tún gba ìṣọ́ra. Ẹni tó fún ayàwòrán lówó tó tún fẹ́ bá a di búrọ́ọ̀ṣì mú, àwòrán ara rẹ̀ ló ń rà. Láti ọdún 1981, ẹni tí MacArthur, àjọ olóore kan ní Amẹ́ríkà, bá yàn á máa gba owó fún ọdún márùn-ún, wọn kì í béèrè ìjábọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbẹ́kẹ̀lé yẹn gan-an jẹ́ apá kan nínú ẹ̀bùn.

Kò sì dìgbà téèyàn bá ní ilé iṣẹ́ ńlá. Oseola McCarty fọ aṣọ fún àwọn èèyàn ní ìpínlẹ̀ Mississippi ní Amẹ́ríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní kékeré láti tọ́jú ìbátan rẹ̀ tó ń ṣàìsàn. Ní 1995, nígbà tó ti pé ẹni ọdún 87, ó fi 150,000 dọ́là sílẹ̀ fún yunifásítì kan, kí àwọn ọmọ tí kò lówó lè kàwé.

Mo bi olùkọ́ tó mú mi wọ yàrá kọ̀ǹpútà yẹn léèrè ohun tí ì bá tọrọ ká ní olóore bi í. Kò tiẹ̀ ronú lé e. Ó ní ìwé kíkà, àti ẹnì kan tí yóò wá kọ́ àwọn olùkọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó wá tún aṣọ náà tẹ́ bo kọ̀ǹpútà, ó sì ti ilẹ̀kùn.