Àtúnṣe: Olùkọ́ ọ̀fẹ́ náà ń jèrè

Wọ́n ní ẹni tó ń kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ kàn ń fi àkókò rẹ̀ ṣòfò ni, pé ọmọ nìkan ló ń jèrè. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ní 1982, àwọn olùwádìí Cohen àti àwọn Kulik méjì kó ìwádìí 65 jọ lórí irú ètò ìkọ́ni bẹ́ẹ̀ nílé ìwé, wọ́n sì rí i pé òye àwọn tó ń kọ́ni náà pọ̀ sí i nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ni.

Ẹni tó fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe ń fi ìdá pín ìdá gbọ́dọ̀ mọ ìdí tí a fi ń dojú ìdá kejì kodò. Mímọ̀ ọ́n ṣe nìkan kò tó. Ìbéèrè "kí ló dé?" látẹnu ọmọ ló ń tú ibi tí òye olùkọ́ ti mẹ́hẹ síta. Àmọ́ ẹni tó kàn ń ka ìdáhùn sétí ọmọ kò ní rí èrè yìí. Fi bí ìṣẹ́jú 15 múra sílẹ̀, jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ gbìyànjú, kí o wá ní kó ṣàlàyé ọ̀nà tó gbà fún ọ.

Ohun tó ń ba irú ìrànlọ́wọ́ yìí jẹ́ fún ọmọ ni kí á dáwọ́ dúró lójijì. Nínú ìwádìí Grossman àti Rhodes ní 2002 lórí àwọn àgbà tó ń yọ̀ǹda ara wọn láti tọ́ ọmọ sọ́nà, àwọn ọmọ tí olùtọ́sọ́nà wọn bá wọn rìn fún ọdún 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló jèrè jù. Àwọn tí ìbáṣepọ̀ tiwọn fọ́ kó tó pé oṣù 3 tún fojú kéré ara wọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nítorí náà, wákàtí 1 lọ́sẹ̀ tí o lè mú ṣẹ ni kí o ṣèlérí. Bí o bá sì máa lọ, tètè sọ fún ọmọ náà, ní bí ọ̀sẹ̀ 3 ṣáájú.