Ẹgbẹ́ 24, àyè méjì: ṣé àkàbà bọ́ọ̀lù Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé bí?

Kúnlé Woolwich
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ National League ni mo gbé wá lónìí. Gbogbo ẹgbẹ́ 72 tó wà níbẹ̀, ìpele karùn-ún àti ìkẹfà, ló pa ohùn pọ̀ ní 2025 tí wọ́n kọ lẹ́tà sí àjọ EFL, tó ń darí ìpele kejì sí ìkẹrin, pé kí ẹgbẹ́ mẹ́ta máa gòkè sí League Two, ìpele kẹrin, lọ́dọọdún, kó má jẹ́ méjì mọ́. 3UP ni wọ́n sọ ìpolongo náà. Ẹ wò ó: láti League Two sí League One, mẹ́rin ń gòkè, mẹ́rin ń já. Láti National League sí ẹ̀ka North àti South tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, mẹ́rin náà ni. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tó wọ inú ẹgbẹ́ 92 tó wà ní ìpele mẹ́rin òkè ni wọ́n ti sé mọ́ méjì láti 2003: ẹni tó gba ife ń gòkè tààrà, àwọn tó tẹ̀ lé e á sì fi ìdíje play-off jà sí àyè kejì. Kí ló dé?

Notts County gba póìǹtì 107 ní sáà 2022–23, wọn ò sì gòkè tààrà torí Wrexham gba 111. Pẹnárítì ni wọ́n fi borí Chesterfield ní Wembley kí wọ́n tó rí ọ̀nà lọ. York City gba 96 ní 2025, wọ́n ṣe ipò kejì. Oldham tó ṣe ipò karùn-ún wá bá wọn nílé nínú play-off, ó nà wọ́n 3–0, gbogbo iṣẹ́ oṣù mẹ́sàn-án sì ti wọmi. Ọ̀rọ̀ yìí ń bí mi nínú gan-an ni.

Alàgbà Fẹ́mi, Gillingham
Kúnlé, mo gbọ́ ẹ yé. Ṣùgbọ́n ẹnu ẹni tó fẹ́ wọlé lo fi ń sọ̀rọ̀. Wo ti ẹni tó wà nínú ilé náà. Ẹgbẹ́ 24 ló wà ní League Two. Bí mẹ́ta bá ń já, ẹgbẹ́ kan nínú mẹ́jọ ni yóò máa lọ lọ́dọọdún. Bí ẹgbẹ́ bá sì já, kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù ló kọ́kọ́ ń jìyà, wọ́n á rí ibòmíràn lọ. Obìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, ọkùnrin tó ń tọ́jú pápá, àwọn ọmọ ọdún méjìlá tó wà nílé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ náà, àwọn wọ̀nyẹn ni owó máa ń tán lé lórí.

Gillingham mọ̀ ọ́n. Ní 1938, wọ́n dìbò yọ wá kúrò nínú líìgì, ìyẹn Football League, wọ́n fi Ipswich sípò wa. 1950 la tó padà. Kí Premier League àti EFL kọ́kọ́ yanjú ìjà pípín owó tó wà láàárín wọn, kí ẹni tó bá já má kú. Lẹ́yìn náà ni ká sọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà.

Kúnlé Woolwich
Bàbá, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó yẹn, ọdún wo ló máa yanjú? Tí a bá so ẹ̀tọ́ ẹni tó wà nísàlẹ̀ mọ́ ìjà àwọn olówó lókè, àwọn ọmọ wa ni yóò máa jà á. York kọ́ ló ní kí Premier League má san owó.

Lánre Rochdale
Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, torí ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Kí 1987 tó dé, kò sí ẹnu ọ̀nà rárá, ìbò ló wà. Àwọn tó wà nínú líìgì ló ń dìbò, ara wọn ni wọ́n sì sábà máa ń dì í fún. Hereford wọlé ní 1972, Wimbledon ní 1977, Wigan ní 1978. Ìwọ̀nba ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n dá Alliance Premier League, tó di National League òní, sílẹ̀ ní 1979, tí wọ́n kó àwọn ẹgbẹ́ tó dára jù láti Southern League àti Northern Premier League pọ̀, Altrincham ló gba ife sáà àkọ́kọ́. Wọ́n dìbò. Rochdale mi ní 26, Altrincham ní 25. Ìbò kan! Altrincham tún gba ife lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọn ò tún wọlé. Títí di òní, wọn ò tíì dé líìgì.

1987 ni Scarborough gòkè láìsí ìbò kankan, tí Lincoln City sì já. Àwọn kan rò pé ayé Lincoln ti bàjẹ́. Ọdún kan péré, wọ́n ti padà.

Rochdale já ní 2023, lẹ́yìn ọdún 102 nínú líìgì. Ó dùn mí wọ egungun, n kò ní purọ́. Síbẹ̀ mẹ́ta ni mo fẹ́, Bàbá Fẹ́mi. Ẹgbẹ́ yín lè já lọ́la, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ o, ẹ̀yin náà á wá rí i pé ọ̀nà àtipadà ló há. Barrow jáde ní 1972, 2020 ló padà. Ọdún 48 nìyẹn. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tó jáde ti lè ní ọmọ-ọmọ.

Àdùkẹ́ Tyneside
Gbogbo yín ń ka iye. Iye kọ́ ni ìṣòro àkọ́kọ́, òfin ni. Ẹ wo Gateshead. Ní 2024 wọ́n ṣe ipò kẹfà, àyè play-off ni. Wọ́n ní wọn ò lè gbá a, torí pé ìjọba ìbílẹ̀ ló ni pápá, wọn ò sì ní ìwé tó dá EFL lójú pé wọ́n á lò ó fún ọdún mẹ́wàá. Àwọn ọmọ yẹn gbá bọ́ọ̀lù láti oṣù kẹjọ dé oṣù kẹrin, wọ́n wá ní kí wọ́n jókòó. Nínú oṣù karùn-ún náà ni wọ́n lọ sí Wembley, wọ́n fi pẹnárítì borí Solihull Moors, wọ́n gba FA Trophy, ife àwọn ẹgbẹ́ tí kò sí nínú líìgì. Ẹgbẹ́ tó tó gba ife ní Wembley, kò tó gbá play-off?

Kì í ṣe tuntun. Kidderminster gba ife ní 1994, wọ́n ní pápá rẹ̀ kò dára tó. Macclesfield, 1995, bákan náà. Stevenage, 1996, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ dé kóòtù, wọn ò borí. Ọdún mẹ́ta léra léra, kò sí ọ̀kan nínú àwọn tó gba ife tó gòkè. Ẹ lè fẹ ẹnu ọ̀nà sí márùn-ún bí ẹ bá fẹ́. Tí òfin òkè bá yàtọ̀ sí tìsàlẹ̀, àkàbà náà kò tíì di ọ̀kan.

Ìyá Tèmi
Àdùkẹ́, o ṣeun. Fi ti koríko 3G, koríko àtọwọ́dá, kún un. Ní National League, wọ́n gbà á. Bí o bá ti gòkè báyìí, wọ́n ní kí o hú u. Harrogate ṣe é ní 2020, Sutton ní 2021, Bromley ní 2024. Lórí irú pápá bẹ́ẹ̀ ni ọmọ mi ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní gbogbo ọjọ́rú. Àwọn ọmọ kéékèèké máa lò ó ní aago márùn-ún, àwọn ọmọbìnrin á gbà á ní mẹ́fà, àwọn bàbá tó sanra á dé ní mẹ́jọ, olúkúlùkù ń sanwó. Òjò rọ̀, yìnyín bọ́, wọ́n ń gbá a lọ. Owó yẹn ló ń gbé ẹgbẹ́ náà. Pápá koríko gidi kò lè gba ẹsẹ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, ẹrẹ̀ ló máa dà. Ẹ sọ fún mi, kí ni àdúgbò jẹ nínú ìgòkè yẹn?

Alàgbà Fẹ́mi, Gillingham
Ìyá Tèmi, ti koríko yẹn, mo gbà pé ó yẹ kí wọ́n tún un wò. Ọ̀rọ̀ rẹ lórí òfin ọdún mẹ́wàá ni n kò gbà, Àdùkẹ́. Òfin yẹn kò wá láti inú ìkà. Brighton pàdánù pápá wọn ní 1997, Priestfield, pápá tiwa, ni wọ́n ti ń gbá eré ilé wọn fún sáà méjì. Láti etíkun Sussex ni àwọn èèyàn wọn ti ń wá sí Kent kí wọ́n tó rí ẹgbẹ́ tiwọn gbá bọ́ọ̀lù nílé. Mo rí wọn, bàbá pẹ̀lú ọmọ, nínú òtútù, wọ́n á tún wá ọkọ̀ ojú irin padà lálẹ́. Ẹgbẹ́ tí kò ní ilé, gbogbo líìgì ló ń dà láàmú.

Àdùkẹ́ Tyneside
Ẹ ṣeun, Bàbá, n kò mọ̀ pé ẹ rí tiyẹn lójú ara yín. Ṣùgbọ́n Brighton wà nínú líìgì nígbà yẹn, kò sì sẹ́ni tó lé wọn jáde torí pé wọn ò nílé. Ẹni tó wà nínú, wọ́n fún un láyè. Ẹni tó wà níta, wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ohun tí mo ń bèèrè kò ju èyí lọ: kí òfin kan náà de gbogbo ẹgbẹ́, kí àyẹ̀wò pápá sì parí kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ. Kí agbábọ́ọ̀lù mọ ohun tó ń gbá fún.

Akin ọmọ Ìbàdàn
Ẹ̀yin ará Ìlú Ọba, ẹ jẹ́ kí ará ilé náà sọ̀rọ̀. Mẹ́rin ló ń já láti NPFL, líìgì àgbà Nàìjíríà níbí, mẹ́rin ló ń gòkè láti NNL, ìpele kejì. Bí a bá fi iye ṣe é, a ti ṣáájú yín. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ lè ra àyè ẹgbẹ́ mìíràn. Ní 2014, wọ́n ra Gabros International, ó di FC Ifeanyi Ubah, àyè rẹ̀ nínú líìgì sì bá a lọ. Èmi jẹ́ ọmọ 3SC, Shooting Stars, a ti já, a sì ti lo sáà nísàlẹ̀ kí a tó padà ní 2021. A gbá bọ́ọ̀lù padà ni, a ò ra nǹkan kan. Ìyẹn ló ń mú orí mi wú. Nítorí náà mo wà lẹ́yìn Àdùkẹ́. Ẹ tún òfin ṣe kí ẹ tó tún iye ṣe.

Kóòṣì Dèjì
Ẹ má bínú o, òkè nìkan lẹ ń wò. Step 5 ni mo wà, ìpele kẹsàn-án bí ẹ bá kà á láti Premier League. Lọ́dọ̀ wa, ohun tó ń pani ni ìrìn àjò. Lóṣù karùn-ún, ìgbìmọ̀ FA, àjọ bọ́ọ̀lù Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, á pín ẹgbẹ́ sí líìgì. Bí ilé rẹ bá wà létí ààlà, wọ́n lè gbé ọ láti líìgì kan sí òmíràn, àwọn aládùúgbò tí ẹ jọ ń gbá á, tí èrò ń wá wò, á di ọ̀rọ̀ àná.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìṣẹ́gun kan fún yín. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ni bọ́ọ̀lù. Ọ̀kan nínú ọmọ mi ń ṣe iṣẹ́ iná, ọ̀kan ń wa ọkọ̀ ìfijíṣẹ́, ọ̀kan jẹ́ olùkọ́. Aago márùn-ún la pàdé. M25, ọ̀nà márosẹ̀ tó yí London ká, dì. Nínú bọ́ọ̀sì ni wọ́n ti wọ ṣọ́kì, nínú bọ́ọ̀sì ni mo ti pe orúkọ àwọn tó máa bẹ̀rẹ̀. A bọ́ sílẹ̀, ogún ìṣẹ́jú ló kù. Aṣọ́lé wa kò tíì jẹun láti ọ̀sán. Wọ́n nà wá. Aago mọ́kànlá àbọ̀ la délé, onítọ̀hún sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ ní aago méje òwúrọ̀.

N kò sọ pé FA kò ṣe nǹkan kan. Ní 2021 wọ́n tún un tò, ẹgbẹ́ tó lé ní 100 ló kúrò ní ibi tí wọ́n wà, Northern Premier League gba ẹ̀ka kẹta nísàlẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n wọn ò tíì dé ọ̀dọ̀ tiwa tán. Ẹgbẹ́ erékùṣù Guernsey, nígbà tí wọ́n wọ líìgì ní 2011, wọ́n gbà láti máa san owó ọkọ̀ òfurufú fún àlejò. Ẹ ò rí i pé èèyàn lè fi ọ̀rọ̀ ìrìn sínú àdéhùn?

Lánre Rochdale
Kóòṣì, òkè náà ń rìn. Truro City láti Cornwall wọ National League ní 2025. Láti Truro dé Gateshead lé ní 400 máìlì, àlọ nìkan. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ní kí a pín ìpele karùn-ún sí àríwá àti gúúsù, bí Third Division ṣe wà títí di 1958. Kí méjì gòkè láti ìhà kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin nìyẹn.

Kúnlé Woolwich
Lánre, mo ń bẹ̀rù irú àtúntò yẹn. Ní 2014, ìgbìmọ̀ Greg Dyke ní FA mú àbá ìpele tuntun, League Three, wá, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n fi ẹgbẹ́ kejì àwọn olówó Premier League pamọ́ sí. Àwọn èèyàn pariwo, wọ́n gbé e tì. Ní 2016 EFL tún mú un wá, wọ́n tún fi sílẹ̀ lọ́dún náà. Ní 2024 ni àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ (U21) Premier League wá wọ National League Cup. Bí a bá ní kí wọ́n tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, àwọn yẹn ló máa kọ́kọ́ jókòó sídìí tábìlì. Ẹ jẹ́ kí a béèrè ohun tó ṣe é ṣe lọ́dún yìí: mẹ́ta.

Alàgbà Fẹ́mi, Gillingham
Kúnlé, bí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé owó ìtìlẹ́yìn fún ẹgbẹ́ tó já á gùn sí i lọ́dún kan, kí ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù má bàa tì, n kò ní lòdì sí mẹ́ta. Ìyẹn ni mo lè gbà. Láìsí ìyẹn, rárá.

Kúnlé Woolwich
Bàbá, mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Kóòṣì Dèjì
Bí ẹ ti ń gbà fún ara yín lókè yẹn, ẹ kọ tiwa mọ́ ọn: eré alẹ́ ọjọ́ ìṣẹ́gun kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí kan sí ilé onílé, èyí tó bá jìnnà ju bẹ́ẹ̀ kó bọ́ sí ọjọ́ àbámẹ́ta. Kò gba owó Premier League, kò gba ìbò EFL. Ẹni tó ń to ètò eré lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní sáà tó ń bọ̀.