Ẹ̀jẹ̀ tó ń bá ìgbẹ́ jáde: ṣé jẹ̀díjẹ̀dí ni lóòótọ́?

Bí ẹnì kan bá sọ fún ará ilé ní Àkúrẹ́ pé òun rí ẹ̀jẹ̀ nígbà tóun yàgbẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa gbọ́: "Jẹ̀díjẹ̀dí ni. Dín nǹkan dídùn kù, kó o lọ mu àgbo." Ó di Ọjà Ọba. Ìyá alágbo á gbọn ìgò dáadáa kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ lè pò mọ́ omi orí, á rọ ọ́ sí ife, oníbàárà á gbé e mì lẹ́ẹ̀kan. Kílẹ̀ tó ṣú, ó ti yàgbẹ́ títí, ara ti fúyẹ́. Tó bá di ọjọ́ kejì tí kò rí ẹ̀jẹ̀ mọ́, ó gbà pé òun ti gbádùn.

Ibẹ̀ gan-an lewu wà. Ewé àsunwọ̀n inú àgbo ń ṣí inú lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò kan kókó tó bá ń dàgbà nínú ìfun ńlá. Irú kókó bẹ́ẹ̀ kì í ṣẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́. Ó lè ṣẹ̀jẹ̀ lónìí kó dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àgbo ló sì máa gba ọpẹ́.

Mi ò sọ pé kò sí jẹ̀díjẹ̀dí. Ó wà, ó pọ̀, òun ló sì ń fa ẹ̀jẹ̀ yìí lára ọ̀pọ̀ èèyàn. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ihò ìdí ló máa ń wú, pàápàá bí ìgbẹ́ bá le téèyàn ń fipá yà á, tàbí nígbà oyún. Kì í ṣe ṣúgà. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ pupa ròrò lè ti ibẹ̀ wá, ó sì lè wá látara jẹjẹrẹ tó sún mọ́ ihò ìdí. Kò sẹ́ni tó lè fojú lásán mọ ìyàtọ̀, ì báà ṣe dókítà.

Àìsàn òyìnbó kọ́ náà ni. Èèyàn tó lé ní 1,900,000 ni jẹjẹrẹ ìfun ńlá mú lágbàáyé lọ́dún 2020, ó sì pa àwọn tó lé ní 900,000. Chadwick Boseman, òṣèré aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, wà lára wọn, ẹni ọdún 43 péré. Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ kì í dé ọsibítù àfìgbà tó bá ti jinlẹ̀.

Ó sì ń dùn mí, torí àìsàn yìí kì í yára. Kókó kékeré ló sábà máa ń kọ́kọ́ jẹ́, ó sì lè tó ọdún 10 kó tó di jẹjẹrẹ. Ẹni tó bá tètè rí i, wọ́n á gé e kúrò.

Ẹ̀rù rọ́bà gígùn tó ní kámẹ́rà lórí, tí wọ́n ń tì bọ ìdí láti fi wo inú ìfun, ló ń lé ọ̀pọ̀ sá. Kápúsù kan wà báyìí tó ní kámẹ́rà nínú; Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ti ìfun kékeré lọ́dún 2001, wọ́n fọwọ́ sí ti ìfun ńlá lọ́dún 2014. Ti ìfun ńlá gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3, kámẹ́rà wà níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀, iná tín-ín-tín sì ń tàn lára rẹ̀. Omi lẹ ó fi gbé e mì lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi oògùn fọ inú yín mọ́. Bó ṣe ń lọ ni yóò máa ya fọ́tò ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ yín níbàdí, á wá bá ìgbẹ́ jáde. Fọ́tò ọ̀hún lè ju 50,000 lọ. Ojú dókítà á rẹ̀, ohun tí wọ́n fi ń lo AI, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí wọ́n kọ́ láti dá nǹkan mọ̀, nìyẹn: á ṣa àwọn tó fura sí síta, dókítà á wá yẹ̀ wọ́n wò fúnra rẹ̀. Lọ́dún 2021, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣètò pé kí èèyàn 11,000 dán kápúsù náà wò. Àmọ́ kò lè gé kókó. Tó bá rí ọ̀kan, rọ́bà ọ̀hún náà ló kù.

Ẹ má dúró de kápúsù o. Àyẹ̀wò ìgbẹ́ wà tó ń rí ẹ̀jẹ̀ tí ojú ò lè rí. Amẹ́ríkà ní kí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò látọmọ ọdún 45. Ẹni tí òbí tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ bá ti ní in, kó má dúró di ìgbà yẹn. Bí ẹ bá ń rí ẹ̀jẹ̀, tàbí tí ìgbẹ́ yín yí padà, tàbí tí ẹ ń rù láìnídìí, ẹ lọ bá dókítà ní ọsibítù ńlá ìjọba ní Àkúrẹ́, ní ọsibítù UNIMED ní Oǹdó, tàbí ní FMC, ọsibítù ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀. Ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ fún un, àti gbogbo àgbo tẹ́ ẹ ti mu.