Òṣùwọ̀n Méjì, Ẹrù Kan Náà

Ìyá mi ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ìrìn àjò ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí a ti ń tu owó jọ fún láti bí ọdún méjì, ó wà lórí ìkúnlẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú ní Èkó, lójú gbogbo èrò tí ó tò sẹ́yìn wa, ó ń kó ìró, yẹ̀rì àti tòbí rẹ̀ jáde nínú àpótí lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pé òṣùwọ̀n kan sọ pé ẹrù rẹ̀ ti pọ̀ jù. Bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, inú ṣì ń bí mi.

Ọ̀dọ̀ àbúrò mi obìnrin ní Manchester ni à ń lọ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, ìyá wa fẹ́ lọ wẹ ọmọ, èmi àti ìyàwó mi pẹ̀lú àwọn ọmọ wa méjì sì tẹ̀ lé e nítorí pé ilé-ìwé ti gba ìsinmi. Bàálù yóò gbéra ní aago mọ́kànlá alẹ́, ṣùgbọ́n aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni a ti kúrò ní Ìbàdàn, nítorí pé ọ̀nà márosẹ̀ yẹn kò tó kìlómítà 130, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó lè búra pé sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ kò ní ká òun mọ́ ibẹ̀ di alẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé a kò múra. Àpótí márùn-ún ni a dì, kílò 23 sì ni wọ́n fún wa láyè láti dì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ra òṣùwọ̀n kékeré tí ó ní ìkọ́, òru mẹ́ta gbáko ni mo sì fi ń wọ̀n wọ́n, tí mo ń yọ, tí mo ń fi kún, títí gbogbo wọn fi dúró sí kílò 22 ààbọ̀. Ìyá mi kò di ẹran, kò di pọ̀ńmọ́, nítorí a ti ṣàlàyé fún un pé ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí a kó ẹran wọlé láti ọ̀dọ̀ wa. Èlùbọ́ ni ó dì fún ọmọ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó bẹ iṣu náà, ó bọ̀ ọ́, ó sá a títí ó fi gan, ó gbé e lọ sí ẹ̀rọ, ó kù ú, ó sì dì í sínú ọ̀rá méjì-méjì kí ó má baà tú sára aṣọ.

Nígbà tí a gbé àpótí àkọ́kọ́ lé òṣùwọ̀n wọn, ohun tí ó kọ ni kílò 25 àti díẹ̀. Èkejì kò yàtọ̀, ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin náà rí bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wà ní kántà pé mo wọ̀n wọ́n nílé, ó ní òṣùwọ̀n ilé mi kò kan òun. Owó àpọ̀jù ẹrù tí mo san lórí àpótí mẹ́rin yẹn tó owó ilé-ìwé ọmọ mi kan fún sáà kan. Nígbà tí ó kan àpótí ìyá mi, tí òṣùwọ̀n kọ 25.4, owó ti tán lọ́wọ́ mi. "Màmá, ẹ yọ ọ́ kíá, èrò ń dúró." Bí ọmọ náà ṣe bá ìyá mi sọ̀rọ̀ nìyẹn, kò tilẹ̀ gbójú sókè wò ó. A yọ kílò méjì àti díẹ̀, èlùbọ́ ni ó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ibi tí a ti ń tún àpótí náà dì ni bẹ́líìtì tí ń gbé ẹrù lọ ti há, ni wọ́n bá ní kí a kọjá sí kántà kejì. Àpótí tí ó yẹ kí ó jẹ́ kílò 23 kọ 20.1 níbẹ̀. Ohun tí a yọ kò ju kílò méjì àti díẹ̀ lọ, nítorí náà òṣùwọ̀n àkọ́kọ́ ti ń bù kún ẹrù wa ní nǹkan bíi kílò mẹ́ta láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú àpótí wa márààrún tí ó kọjá ààlà. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá wò ó, kí wọ́n dá owó mi padà. Wọ́n ní àwọn mẹ́rin ìṣáájú ti wọlé lọ, pé n kò lè fi ẹ̀rí kankan hàn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí ìyá mi kó èlùbọ́ rẹ̀ padà sínú àpótí, èyí tí ó kéré jù lọ tí wọ́n lè ṣe. Wọ́n ti lẹ ìwé mọ́ ọn, wọ́n ti tì í lọ. "Alàgbà, ẹ kọjá, ẹ ń dí àwọn tó kù lọ́wọ́."

N kò bá òfin kílò 23 jà, nítorí ènìyàn ẹlẹ́ran-ara ni ó ń gbé àpótí wọ̀nyẹn sínú bàálù. Ohun tí mo ń bá jà ni òṣùwọ̀n tí ń purọ́ gba owó. Ní ọjà Bódìjà, bí a bá fura sí ìyá tí ń ta ẹ̀wà, a óò yí kóńgò rẹ̀ dójú dé, a óò wo ìdí rẹ̀ bóyá wọ́n ti lù ú wọnú, bí ó bá sì wọ̀n ọ́n tán, a óò tún gba èènì. Òfin òṣùwọ̀n wà ní Nàìjíríà, ó sì sọ pé kí ìjọba yẹ òṣùwọ̀n tí a fi ń ṣòwò wò, kí ó sì fi òǹtẹ̀ lù ú. Ta ni ó yẹ èyí wò? Nígbà wo? Kí ló dé tí a kò fi lẹ òǹtẹ̀ náà síbi tí ẹni tí ń sanwó lè rí i?

Mo gbé èlùbọ́ náà fún obìnrin kan tí ń gbálẹ̀ níbẹ̀. N kò ní sọ ti àwọn tí ó ń wo ìwé wa lójú ọ̀nà, tí olúkúlùkù ń bèèrè ohun tí a mú wá fún òun.

Ìwé ẹ̀rí pé mo san owó lórí àpótí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ gba owó mi padà, mo sì fẹ́ kí ẹnìkan nínú ilé-iṣẹ́ bàálù náà bẹ ìyá mi. Láti Èkó dé òkè òkun, wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀, kò jẹun, kò sùn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó yíjú sí mi lóru, ó ní: "Ṣé obìnrin yẹn mọ̀ pé mo ti kù ú? Kó má tún lọ máa kù ú o."